Obìnrin Tó Ń Mú Ọmọ Mi Rìn

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọwọ́ obìnrin náà léjìká ọmọ mi. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n ó funfun bí àwo tánganran, ooru kankan kò sí nínú rẹ̀. Eruku bo àdúgbò wa ní Gawon Nama débi pé mi ò rí òpin òpópónà. Ilé kẹta sí tiwa dà bí ohun tí wọ́n ta aṣọ ìkélé bò. Ètè mi ti là. Atẹ́gùn gbígbẹ ń gbá ọ̀rá kiri, ìyanrìn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sì ti tún tẹ́ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo fi ìborùn we orí dé imú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ọmọ mi tó ti jáde láti ìdájí.

Nígbà tó yá, àwọn méjì yọ láti inú eruku náà. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ òsì, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Inna wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, híjáàbù aláwọ̀ ewé rẹ̀ balẹ̀ dé orúnkún. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Sókótó, mi ò tíì rí eyín ọmọ yìí. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan ń bọ̀, obìnrin náà sì gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ kọjá lọ. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

Nǹkan kan já mi jẹ láyà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ti ní orogún rí, mi ò lè ṣì í mọ̀. Owú ni.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni Mùlíkátù wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ilé kéú ni mo ti mọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Èlùbọ́ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mùlíkátù ni àkọ́bí, àwọn àbúrò rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ mí di ìyá àgbà, nítorí òun pẹ́ kó tó lóyún. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dákẹ́ ẹnu, tí a ń fi ojú lásán wo ara wa ní gbogbo ìkómọ. Ọkọ rẹ̀, Ràṣídì, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú Sókótó, ló mú un wá síbí. Nígbà tí oyún náà wá dé, ọpẹ́ gba ilé kan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ràṣídì fi pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó wà níbi òkú.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ máa bọ̀. Ọmọ yín kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ sọ́jà, ibi tí mo fi í sí náà ni mo ti ń bá a."

Mo di èlùbọ́ mi, mo lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé oyún tí a fi omijé tọrọ, kí ló tún fa omijé? Mo rò pé oúnjẹ mi àti ohùn mi á tó o. Ìyá rẹ̀ ni mí. Bí kò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, á sọ fún mi.

Kò sọ fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Sókótó kì í ṣe ràkúnmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ràkúnmí wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á di ẹrù rẹpẹtẹ lé e lẹ́yìn, á máa wò ọ́ láti òkè bí ẹni tí o jẹ ní gbèsè. Àwọn obìnrin ló jẹ́ ìyanu fún mi. Mi ò rí wọn. Ní ilé wa, bí o bá jáde láàárọ̀, obìnrin ni gbogbo títì. Níbí, àwọn ìyàwó kéékèèké wà nínú ilé lọ́sàn-án, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kí ara wọn. Àwọn tó ti kúrò lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí, irú èmi àti Inna, ló lè rìn bó ṣe wù wọ́n. Mo máa ń kí ẹni tí mo bá rí. Wọ́n á dá mi lóhùn dáadáa, tẹ̀ríntẹ̀rín, ní èdè tó ń sáré kọjá létí mi. Lẹ́yìn náà á tán. Kò sí ẹni tí ó máa bi mí pé ọmọ ta ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn gan-an ni ìdálẹ̀ lójú tèmi. Oúnjẹ wà, omi wà, ènìyàn sì ń kí ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bàbá rẹ.

Mo tẹ́ èlùbọ́ mi sí ẹnu ọ̀nà. Èmi kì í lè jókòó lásán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgùnbánirọ̀ tó wá láti ilẹ̀ wa gbọ́, wọ́n ń wá, inú wọn á dùn bí ẹni rí ẹ̀gbọ́n. Àwọn Hausa àdúgbò fún mi lórúkọ: Mai Álàbó, ìyẹn ni pé oní-èlùbọ́. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Sàláwà, ọmọ Ìlọrin tó jẹ́ ìyàwó ọmọkùnrin Inna. Ilé wọn wà lẹ́yìn ògiri wa. Òun ló kọ́ mi ní iye owó lédè Hausa, òun ló sì kọ́ mi ní "a rage," tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n dín in kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ sí Babbar Kasuwa, mo ná àlùbọ́sà títí tí ọkùnrin tó ń tà á fi kígbe pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ìyá arúgbó yìí. Ẹ ò tíì rí àlùbọ́sà rí bí ẹ ò bá tíì dé Sókótó. Ó tò bí òkè, ó pupa, ó ń dán. Mo gbé tèmi délé bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ. Mo ní, "Mùlíkátù, wá wo ohun tí ìyá rẹ rà!" Ó wò ó. Ó ní, "Ẹ kú ọjà, Màámi." Ó padà sídìí ògiri rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dárúkọ ìrìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni nọ́ọ̀sì náà, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ oyún wò. Ó wo ọmọ mi títí, ó ní kó máa jáde láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó máa rìn, kó máa na apá àti ẹsẹ̀, nítorí pé eré ìdárayá dára fún aboyún tí ara rẹ̀ bá gbà á.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, eré kẹ̀? Nígbà tí mo wà nínú oyún òun yìí, iyán ni mò ń gún, omi ni mò ń pọn. Ta ló sọ fún mi pé kí n máa ṣeré?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, eré ìdárayá yín nìyẹn. Bí ẹ bá jókòó sójú kan láti àárọ̀ títí alẹ́ bíi tirẹ̀, ṣé ara yín á yá? Ìrìn á jẹ́ kó rí oorun sùn. Á sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ọkàn aboyún, a kì í fojú rí i, ṣùgbọ́n à ń tọ́jú òun náà ni."

Èmi ló yẹ kí n máa mú un rìn. Mo gbìyànjú. Orúnkún mi kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú. A rìn dé ibi mọ́sálásí, mo sọ fún un pé kó gbé orí sókè, mo sọ fún un pé kó má wọ́ ẹsẹ̀, mo sọ fún un bí mo ṣe bí i láàárín ọ̀nà oko tí mo sì rìn wálé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní ó rẹ òun. Ọjọ́ kẹta, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo fi í sílẹ̀.

Inna wá gbọ́ lẹ́nu Sàláwà. Bó ṣe di ìdájí ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó kan ilẹ̀kùn wa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kí mi, ó kọjá lára mi, ó dúró lẹ́nu yàrá, ó na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ọmọ mi gba ọwọ́ náà, ó dìde.

Mo ní, "Mùlíkátù, aboyún kì í rìn nínú òkùnkùn!"

"Ilẹ̀ ti ń mọ́, Màámi."

Mo sáré fi píìnì há a létí aṣọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wa nítorí ohun tí kò dára. Ó dúró kí n há a. Ó bá obìnrin náà lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀. Bí wọ́n bá dé, kúnù tí Inna fi àwo bò á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi á sì mu ún tán. Ẹ̀kọ mi á tutù, á dì. Mo ní kí Sàláwà kọ́ mi ní kúnù, ó kọ́ mi, mo fi ata ilẹ̀ sí i, mo ṣe é kó kúná. Mùlíkátù tọ́ ọ wò.

"Ó dùn, Màámi. Ṣùgbọ́n kò jọ ti Inna."

Mo da ìyókù fún ewúrẹ́ tó ń kọjá. Ewúrẹ́ yẹn mu ún.

Mo pe àbúrò mi, Ìyá Ganí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lè rí ẹni bá sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orogún lẹ lọ bá ní Sókótó ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ní obìnrin kan ń gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ìwọ ń rẹ́rìn-ín."

"Ó gbà á, ó gbé e lọ síbo? Ṣé kì í dá a padà sílé láràárọ̀ ni? Ẹ̀yin ẹ fi orúnkún yín sinmi."

"Orúnkún mi kò bá ọ wí nǹkan."

"Ẹ ṣọ́ra o. Òjòwú kì í sanra, ẹ̀yin náà sì ti gbẹ tẹ́lẹ̀!"

Mo pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo tún pè é, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè pè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo tẹ̀ lé wọn. Mo gbé abọ́ dání bí ẹni ń lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n rìn lọ dé pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n yí i ká, ẹsẹ̀ wọn ṣe déédéé. Inna ń ju apá síwájú sẹ́yìn, ọmọ mi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sábẹ́ igi dongoyárò. Mo dúró sẹ́yìn ògiri tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ọmọ mi. Yorùbá ló ń sọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Inna kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ mi kò gbọ́ Hausa ju ti ìkíni lọ. Yorùbá pọ́ńbélé ló sì ń bá obìnrin náà sọ.

"Gbogbo ènìyàn ló ń kí mi kú oríire, Inna. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n inú mi ṣófo. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gbé ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́, á sì dà bí ọmọ ọlọ́mọ lójú mi. Ní ọjọ́ mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn, kí n má jí mọ́."

Inna ní, "To." Ó ní, "Allah Sarki," bí àwọn Hausa ṣe máa ń bá ènìyàn kẹ́dùn. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ mi ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀rù ló yẹ kó kọ́kọ́ bà mí. Owú ló kọ́kọ́ dé. Èmi tí mo gbọ́ èdè rẹ̀, èmi tí mo kọ́ ọ ní èdè náà, ògiri ló ń kọjú sí níwájú mi. Ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ kan ló wá ń kó gbogbo inú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ìgbà tí mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn tó wọ̀ mí lára. Kí ó sùn, kí ó má jí. Mi ò wọlé. Mo dá kẹ̀kẹ́ Màrúwà dúró, mo gbé abọ́ lé itan, mo lọ bá nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́ mi tán.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá. Àìsàn ni. Kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó máa ń ṣe aboyún, àní ẹni tó ti ń wá ọmọ tipẹ́ pàápàá, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ mú un wá lónìí kí dókítà rí i. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìrìn yẹn, kó máa bá a lọ. Ẹni tó sì ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá o."

"Ó ń gbọ́ ọmọ yín, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ó ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tó sọ. Ràṣídì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, a jọ mú un lọ. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá láìsí èmi, ó ní kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a délé, mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀.

"Mùlíkátù, kí ló dé tí o ò bá mi sọ ọ́?"

Ó ní, "Màámi, bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, ẹ ti gbé àgbo kaná kí n tó sọ apá ibi tó ti ń fọ́ mi."

Mo ti ń dìde lọ sídìí ààrò. Mo padà jókòó.

Àti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. O ò ní mọ ọjọ́ tó lọ. Ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó ti ra aṣọ ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀ kí n gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ta. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí mo bá gbọ́ ọwọ́ Inna lára ilẹ̀kùn, tí mo rí bí ọmọ mi ṣe ń yára wá bàtà, nǹkan yẹn á tún já mi jẹ. Ṣe ni mo máa ń dọ́gbọ́n gbá ẹnu ọ̀nà títí wọ́n á fi dé, kí n lè rí i bóyá ọwọ́ yẹn ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó máa ń wà níbẹ̀.

Ìgbà tó yá, àárọ̀ kan wá tí Inna kò kan ilẹ̀kùn.

Mùlíkátù ti wọ bàtà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀nà. Mo ní, "Dìde, jẹ́ ká jọ lọ."

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n díẹ̀ sí i."

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ síbi ògiri. Bí mo bá jẹ́ kí ó padà wọ yàrá yẹn, mi ò mọ ọjọ́ tí yóò tún jáde. Mo so ìborùn mọ́rí, mo yí ògiri ká, mo wọ ilé ẹni tí mò ń jowú.

Inna jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fà á. Ojú rẹ̀ ti wú. Sàláwà ń fọ àwo. Ó nu ọwọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló ṣe ìyá ọkọ rẹ?"

"Ìyá, wọ́n mú ìròyìn wá láti Wamakko lánàá. Hàlímà, ọmọ wọn obìnrin. Oyún rẹ̀ kò kéré sí ti Mùlíkátù. Wọ́n ní kò jẹun mọ́, kò jáde, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Inna ní ọmọbìnrin? Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ẹ̀yìn ògiri yín, mi ò gbọ́ ọ rí."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Àkọ́bí wọn ni. Wọn kì í pe orúkọ àkọ́bí níbí. Kúnyà ni wọ́n ń pè é, ìtìjú lédè tiwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti já Hàlímà lẹ́nu ọmú ni wọ́n ti gbé e fún ìyá bàbá rẹ̀ ní Wamakko, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló sì padà sí nítorí oyún yìí. Bí wọ́n bá pàdé níbi ayẹyẹ, Inna á wo ibòmíràn. Àwọn ìyá ìwòyí kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Inna, ẹni àtijọ́ ni."

"Ọmọ náà ń ṣàìsàn, Sàláwà."

"Wọ́n á fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ jókòó tì í, kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ilé? Ojú á tì wọ́n kú."

Inna ti mọ̀ pé òun là ń sọ. Ó gbé ojú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún Sàláwà, ó ń fi àgbọ̀n júwe mi. Ojú ń ti Sàláwà láti túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ẹ má bínú o, Ìyá. Wọ́n ní láràárọ̀ làwọn máa ń gbọ́ ohùn yín láti ẹ̀yìn ògiri, tí ẹ̀ ń ké 'Mùlíkátù, Mùlíkátù,' bí ẹni ń polówó ọjà. Ẹ ó bá a jà, ẹ ó kẹ́ ẹ, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ń gbọ́ ọ, kíṣì máa ń mú àwọn."

"Kí ni kíṣì?"

"Owú ni, Ìyá."

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó dùn mọ́ mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ léjìká ọmọ mi, òun náà ń ṣọ́ ẹnu mi. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, obìnrin gíga yẹn, ó ti ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Mo wá rántí pé ọmọ mi ṣì wà lórí àpótí.

Mo ní, "Sàláwà, kúnyà náà, ṣé ó kan èmi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ló fẹ́ kàn yín nínú rẹ̀?"

"Ó dáa. Sọ fún un pé kó dìde. Ọmọ mi ti wọ bàtà dè é, oòrùn sì ń mú. Kó lọ mú un rìn. Lọ́la, èmi ń lọ sí Wamakko."

Sàláwà sọ ọ́. Inna fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó dìde, ó fa híjáàbù rẹ̀ wọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ilé mi.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ Sàláwà yọ̀ǹda rẹ̀, àwa méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí Wamakko. Kò jìnnà. Ìyá bàbá Hàlímà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní àárẹ̀ oyún lásán ni, yóò lọ. Mo ní kí Sàláwà sọ fún un pé bí èmi náà ṣe wí nìyẹn nípa tèmi, mo sì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi. Ìyá náà ronú. Ó gbà pé kí a mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn lọ́jọ́ tí tèmi bá ń lọ. Mo jókòó ti Hàlímà lórí ẹní láti òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ mi ni, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Mi ò gbé nǹkan kan kaná. Lẹ́yìn ìrun alásàárì, ìgbà tí àwọn ìyàwó lè jáde, mo na ọwọ́ sí i. Kò gbà á. Mo fi ọwọ́ náà síbẹ̀, apá ń ro mí. Ó gbà á. A rìn yí ilé ká, a tún un yí, a rìn dé etí oko àlùbọ́sà kan. Orúnkún mi ń ké. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Hausa tó ń ya bí omi, mi ò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí a padà dé, oòrùn ń wọ̀. Inna wà nínú àgbàlá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ mi jókòó tì í lórí ẹní. Inna kí wa. Ó bi wá léèrè ọ̀nà, ó bi wá léèrè ìyá ọkọ rẹ̀, ó bi wá léèrè oko. Kò bèèrè ọmọ rẹ̀. Kò lè bèèrè.

Mo jókòó sórí àpótí, mo kọ ojú sí Sàláwà, mo sì gbé ohùn sókè bí ìgbà tí mo bá ń polówó. "Sàláwà, ṣé o rí bí Hàlímà ṣe jẹun lẹ́yìn tí a rìn dé? Tùwó yẹn, ó jẹ ẹ́ ju ìdajì lọ." Sàláwà wò mí. Ó yé e. Ó fi Hausa tún un sọ, kedere, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa tó ń bi mí padà. Mo ní, "Ó ní irun tó pọ̀, kò kàn jẹ́ kí wọ́n dì í ni. Ó ti jẹ́ kí n dì í." Sàláwà tún un sọ. Mo ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú. Ó rìn dáadáa. Ó bi mí bóyá mo máa padà wá."

Inna kò wò mí. Ojú rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró, kò ṣa nǹkan kan mọ́. Mùlíkátù mi sún mọ́ ọn, ó gbé orí lé e léjìká, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń gbé e lé mi nígbà tó wà ní kékeré. Mo rí i. Ó ta mí. Mo yíjú sí Sàláwà, mo sì ń sọ̀rọ̀ Hàlímà lọ, ohùn mi ròkè, mo ń pe orúkọ náà lápètúnpè.